Ìpín Ìdí-Igbá Nínú Pápá Ìṣeré

Ògì tí Àbíkẹ́ ń rò lọ́wọ́ kò tíì dì tí Ìyá Àríyọ̀, aládùúgbò rẹ̀, fi já wọlé láìkágò. Ọyẹ́ ti fi ẹfun kun obìnrin náà lójú àti lẹ́sẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó ń mí gúlegúle.

"Ìyá Mujeebat, ògì lẹ̀ ń rò?"

"Ògì ni. Ẹ káàárọ̀."

"Ẹ máa rò ó o. Kátapílà ti dé Tẹ̀dé láti àná. Ibẹ̀ ló sùn. Ó ń bọ̀ wá fọ́ Àpáta Gbọọrọ lónìí."

Àbíkẹ́ kò dá orógùn dúró. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àríyọ̀ ọmọ mi gun ọ̀kadà kọjá lára rẹ̀. Ó ní ó ga tó ilé. Wọ́n fẹ́ fọ́ àpáta wa, kí wọ́n fi òkúta rẹ̀ ṣe pápá ìṣeré tí wọ́n kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì."

"Ọwọ́ ta ni wọ́n ti tọrọ rẹ̀?"

Ìyá Àríyọ̀ wo ọ̀nà yàrá baálé ilé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, irú ìrẹ̀sílẹ̀ tí ẹni tó wà ní ojúlé kẹta máa gbọ́ dáadáa. "Wọ́n ní Bàbá Mujeebat ló yọ̀ǹda rẹ̀."

Mujeebat, tó ń fọ abọ́ lẹ́bàá ògiri, gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lára orúkọ bàbá rẹ̀. Abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ́, ó sì tún fọ̀ ọ́.

Ní Ìgbó-Ayin, obìnrin kì í ní ilẹ̀. Àpáta ló ń ní. Bí ọyẹ́ bá ti dé, wọn á bó iṣu, wọn á gé e, wọn á bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná, á sùn nínú omi náà mọ́jú. Tó bá di ọjọ́ kejì, orí àpáta ni wọ́n ń sá a sí títí á fi gbẹ di gbodo, tí wọn á wá lọ̀ di èlùbọ́. Orí àpáta mọ́ ju ilẹ̀ lọ, oòrùn sì ń mú níbẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀ lórí Àpáta Gbọọrọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi pààlà rẹ̀, ìyá ọkọ ló sì ń fi í lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, iṣu gbogbo àdúgbò Ìdí-Igbá ló tẹ́ síbẹ̀ láti etí dé etí. Oúnjẹ wọn nìyẹn títí iṣu tuntun á fi ta.

Ládòkun, ọkọ Àbíkẹ́, jáde síta pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Ó jẹ́ ọkùnrin kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Nítorí ìyẹn gan-an ni Ìdí-Igbá ṣe mú un pé kó máa lọ bá àwọn ṣe ẹnu ní ìpàdé ìlú.

"Ìyá Àríyọ̀, ẹ káàárọ̀ o."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mo fẹ́ máa lọ ná," Ìyá Àríyọ̀ wí, kò sì lọ.

"Bàbá Mujeebat," Àbíkẹ́ ní, "kí lẹ sọ ní ìpàdé bọ́jẹ́ẹ̀tì?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Wọ́n ní ẹ yọ̀ǹda àpáta."

"Mo ní mi ò sọ nǹkan kan! Kánsẹ́lọ̀, àna mi, ló dìde. Ó ní káńsù ti wá owó pápá, ìlú náà gbọ́dọ̀ mú nǹkan wá, pé òkúta Àpáta Gbọọrọ ni ìpín tiwa. Ó wá kọjú sí mi láàárín èrò, ó ní, 'Àbí kí lẹ rí sí i, àna mi?' Kí lo fẹ́ kí n wí? Mo ní, 'Ohun tí ẹ bá ti sọ, abẹ́ rẹ̀ náà la wà.'"

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Ìkíni ni! Ìkíni àna sí àna!"

"Akọ̀wé wọn kọ ìkíni ọ̀hún sílẹ̀."

Ládòkun yọ pákò lẹ́nu, ó wò ó, ó tún fi í pa dà.

"Omi ńkọ́?" Àbíkẹ́ kò tíì tán. "Omi ẹ̀rọ tí gbogbo àdúgbò rán yín pé kí ẹ bá wa bèèrè?"

"Omi ti wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Omi Ìdí-Igbá wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì gbogbo ọdún tó ń bọ̀. Pápá ìṣeré ló wà nínú ti ọdún yìí: pápá bọ́ọ̀lù kan, ibi tí wọn á ti máa sáré ìje, àti ìjókòó tó ní òrùlé fún àwọn èèyàn pàtàkì. Òùngbẹ kì í gbẹ àwọn èèyàn pàtàkì.

"Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́," Àbíkẹ́ wí. "Ẹ̀yin lẹ lọ bá wa ra bọ́ọ̀lù fún ebi. Ẹ lọ bá àna yín nísinsìnyí. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò yọ̀ǹda."

"Kí n dìde sí àna mi? Lójú ayé? Àbíkẹ́, wọ́n ti wá tọrọ, a ti gbà, ìdána kù sí dẹ̀dẹ̀. Èèyàn ń bá àna jà ni?"

Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Àbíkẹ́ wo Mujeebat, Ìyá Àríyọ̀ náà wo Mujeebat. Ládòkun nìkan ni kò wò ó. Ní gbogbo ìgbà yìí, ògì ti dì ní kókó.

Ládòkun mu ún bẹ́ẹ̀, kókó àti gbogbo rẹ̀. Kò sọ pé ó ní kókó. Ọjọ́ náà kọ́ ni ọjọ́ tí yóò sọ ọ́.

Wàhábì, ọmọ Àlájì Abọ́dúnrìn tó jẹ́ kánsẹ́lọ̀, ni Mujeebat fẹ́ fẹ́. Ọmọkùnrin náà ga, ó dúdú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń tutù bí omi àmù. Bó bá rẹ́rìn-ín, Mujeebat a máa gbàgbé ohun tó fẹ́ rà lọ́jà. Ó ti pa dà délé rí pẹ̀lú alùbọ́sà nígbà tó jẹ́ iyọ̀ ni wọ́n rán an. Ìfẹ́ wọn kò fara sin. Ìyá Àríyọ̀ tilẹ̀ máa ń sọ pé bí ìjọba bá lè fa iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì láti ojú àwọn méjèèjì, gbogbo Ìgbó-Ayin á mọ́lẹ̀.

Nínú oko àgbàdo kan tí wọ́n ti kórè ni Mujeebat ti bá a láàárọ̀ náà. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú ní bọ́ọ̀lù, lórí pòròpórò, láàárín eruku. Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú, wọ́n ń fi omi wẹ orúnkún rẹ̀. Bí Wàhábì ṣe rí Mujeebat, ó sáré wá, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Mujee! O ti gbọ́? Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí." Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ fa ìlà sórí iyẹ̀pẹ̀. "Wò ó, ibí ni gọ́ọ̀lù á wà. Ibí ni àwọn tó ń sáré á gbà yí po. Ibí yìí ni ìjókòó. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, lábẹ́ ìbòòji, kó o máa wò mí."

Mujeebat wo ìlà náà. Ó dára. Ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀ nínú aṣọ tó mọ́, tó ń pàtẹ́wọ́. Ó dùn ún pé ó rí i.

"Kí ni n óò jẹ kí n tó wá jókòó?"

"Báwo?"

"Orí òkúta Àpáta Gbọọrọ ni o fẹ́ gbé mi jókòó lé. Gbodo wa wà lórí ẹ̀, Wàhábì. Ti ìyá mi. Ti gbogbo àdúgbò."

Ẹ̀rín rẹ̀ rọra kúrò lójú. "Mo mọ̀. Mo bá bàbá mi sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n lọ ra òkúta níbòmíràn."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ṣé èmi ni mo bí àwọn ni."

"Ìwọ wá wí kí ni?"

"Kí ni mo fẹ́ wí? Mujee, bàbá mi ni."

"Bàbá mi náà ni bàbá mi," Mujeebat fèsì. "Àna sì ni bàbá mi ń ṣe fún bàbá tiyín tí ẹnu rẹ̀ fi dì. Bí kì í bá ṣe tèmi, ì bá ti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé yẹn. Èmi ni ọmọrí tí wọ́n fi dé ìkòkò."

"Kí lò ń sọ?"

"Mo fẹ́ ṣí i ni. Kò sí àna mọ́, Wàhábì. Láti àárọ̀ yìí."

Ọyẹ́ ti la ètè ọmọkùnrin náà. Bó ṣe ya ẹnu pé kó sọ̀rọ̀, ètè náà sẹ̀jẹ̀, ó fi ọwọ́ bò ó, kò wá sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo pé bọ́ọ̀lù ti kọjá ìlà, àwọn kan ní kò kọjá. Mujeebat yípadà, ó lọ. Ó sunkún láti ibẹ̀ títí dé ìdí igi igbá. Ibẹ̀ ló ti nu ojú, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà.

Bàbá rẹ̀ jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi èèkù tuntun sí ọkọ́. Ìyá rẹ̀ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń di gèlè láti lọ sórí àpáta.

"Bàbá, mo ti já ọ̀rọ̀ èmi àti Wàhábì."

Ládòkun gbé ojú sókè. "Ó nà ọ́ ni?"

"Rárá."

"Ó ní ẹlòmíràn?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ ò ní àna mọ́ ni."

Àbíkẹ́ jókòó sílẹ̀ lójijì, sórí odó tó dojú dé. Gèlè ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mujeebat, mi ò ní kó o ṣe èyí."

"Mo mọ̀, Màámi."

"Ẹnu lásán ni mo ń ta láàárọ̀."

"Mo mọ̀."

Ládòkun fi ọkọ́ sílẹ̀. Ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó máa jáde, ó ti dé fìlà, ojú rẹ̀ sì pọ́n, bóyá eruku ni. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó mú ọ̀nà àpáta pọ̀n, Àbíkẹ́ àti Mujeebat sì tẹ̀ lé e.

Kátapílà ti wà níbẹ̀. Ó pọ́n, ó dúró sí ìsàlẹ̀ àpáta, ó ń kùn. Àwọn obìnrin Ìdí-Igbá dúró yí àpáta ká, oníkálukú níwájú ojú tirẹ̀, bí ẹni tó pàtẹ ọjà tí kò sì fẹ́ tà á. Àlájì Abọ́dúnrìn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú awò dúdú lójú. Bó ti rí Ládòkun, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Àna mi! Ẹ wá bá mi bá àwọn ìyá wa sọ̀rọ̀. Ẹnu yín ni wọ́n ń gbọ́."

"Àlájì," Ládòkun wí. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́. "Àwa Ìdí-Igbá kò yọ̀ǹda àpáta yìí."

"Àna mi—"

"Ẹ má pè mí ní àna mọ́. Ọmọ ti já a."

"Yé!" Ìyá Àríyọ̀ ké láàárín èrò. "Nígbà wo?" Ó dùn ún pé òun kọ́ ló kọ́kọ́ gbọ́.

Abọ́dúnrìn bọ́ awò kúrò lójú. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó rí bí bàbá ọmọ kan lásán, tí wọ́n já ọmọ rẹ̀ jù sílẹ̀ lójú ọjà. Ó wo Mujeebat. Lẹ́yìn náà ló fi awò pa dà.

"Ó dára, Ládòkun. Ọ̀rọ̀ tí o sọ ti wọ inú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Alága ti fọwọ́ sí i. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí á yọ àpáta yìí kúrò nínú rẹ̀, kò burú. Ẹ wá sọ ọ́ ní ìpàdé bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀."

"Níbo ni àpáta ọ̀hún á wà nígbà náà?" Àbíkẹ́ bèèrè.

"Á ti wà nínú pápá. Ti gbogbo wa náà ni pápá." Ó yíjú sí dírẹ́bà kátapílà. "Kàdírì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Kàdírì, ọmọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tó ní irùngbọ̀n díẹ̀, wo àpáta láti òkè kátapílà. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀kalẹ̀.

"Oúnjẹ wà lórí ẹ̀, Àlájì."

"Wọ́n máa kó o."

Kò sí obìnrin tó mira. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fẹ́ lórí gbodo, ó kó eruku díẹ̀ kúrò lórí ti ẹnìkan, ó kó o sórí ti ẹlòmíràn.

"Wọn ò kó o, Àlájì."

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kó o!"

Ìyá Àríyọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó yí gbodo tirẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí oòrùn lè pa á níbẹ̀ náà. Ó tún nàró.

"Mi ò lè gun oúnjẹ mọ́lẹ̀," Kàdírì wí. "Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ ṣiṣẹ́ o. Bí wọ́n bá kó o, màá fọ́ àpáta yìí kó tó di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ìyá mi ṣì ń sá gbodo. Bó bá gbọ́ pé mo gùn ún, n ò ní ilẹ̀kùn tí màá gbà wọlé."

"Ta ló fẹ́ sọ fún un?"

Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ wo Àlájì. Ìdáhùn náà pọ̀.

Abọ́dúnrìn ká ọwọ́ agbádá sókè. Ó gun àpáta, ó bẹ̀rẹ̀ níbi ojú tí ó sún mọ́ ọn jù, ó sì ṣa gbodo kan. Ìgbà tó mú un lọ́wọ́ tán ló tó rántí ohun tó ń ṣe. Ní Ìgbó-Ayin, ọmọ ìlú kì í ṣa gbodo ẹlòmíràn lórí àpáta. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ṣe é, orúkọ náà kì í sì í tán lára ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó pè é lórúkọ náà. Wọ́n kàn ń wò ó. Ó wo gbodo náà, ó wo àwọn èèyàn, ó sì rọra dá a pa dà síbi tó ti mú un gan-an, ó tilẹ̀ tún un ṣe kó lè dọ́gba pẹ̀lú àwọn tó kù.

"Ìgbà wo ló máa gbẹ?" ó bi wọ́n, kò sì kọjú sí ẹnikẹ́ni.

Kàdírì ló dá a lóhùn. Ó tẹ ọ̀kan wò pẹ̀lú èékánná. "Ọyẹ́ yìí mú. Ó di ọ̀tunla. Tó bá ti gbẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ kó o, torí kòkòrò."

"Kátapílà á dúró dè é di ọ̀tunla." Abọ́dúnrìn wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Owó tí kátapílà á fi dúró, káńsù ni yóò san án. Ó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Àwọn obìnrin hó yèè. Wọ́n fún Kàdírì lómi, ó mu ún, ó bèèrè ta ló gé iṣu apá òsì yẹn nípọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ẹni náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ládòkun dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sí ẹni tó kí i kú iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó bú u.

Àbíkẹ́ nìkan ni kò hó. Ó ń wo gbodo bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ rìnrìn àjò.

"Ẹ̀ ń jó," ó ní. "Kí ló gba àpáta yìí lónìí? Ṣé kì í ṣe oúnjẹ orí ẹ̀? Tí èyí bá gbẹ, tí a kó o, kí ló fẹ́ wà níbẹ̀?"

"Òmíràn," Ìyá Àríyọ̀ wí.

"Òmíràn dà?"

Ẹni tó ń jó dáwọ́ dúró. Gbogbo wọn ló ti bó iṣu wọn tán. Òun ló tẹ́ síwájú wọn yìí. Èyí tó kù nílé, kò sí obìnrin tó fẹ́ kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Wọ́n tú ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, oníkálukú gba ọ̀nà ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, Ládòkun gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà tó pa dà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lórí. Iṣu kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, èyí tó yọ ojú díẹ̀díẹ̀ lórí. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú ilé ìdáná.

Àbíkẹ́ wò ó. "Bàbá Mujeebat, iṣu gbígbìn nìyẹn."

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo tò ó."

"Bí a bá bó o, kí lẹ fẹ́ gbìn bí òjò bá rọ̀?"

Ládòkun fa àpótí, ó jókòó. Ó na ọwọ́ sí ọ̀bẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó mú un. Láti ọjọ́ tí Mujeebat ti dáyé, kò rí ọ̀bẹ ilé ìdáná lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ rí. Ó yára wo ibòmíràn.

Mujeebat gbé omi kaná, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Fóònù rẹ̀ dún lórí ẹní. Wàhábì ni. Ó wo orúkọ náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń yọ̀ fún oje iṣu. Ó jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún dún. Àbíkẹ́ sún igbá iṣu mọ́ ọn díẹ̀ sí i.

Ládòkun ń bó iṣu bí ẹni tó ń gbẹ́ igi. Eèpo ń nípọn, ara iṣu ń bá a lọ, iṣu náà sì ń kéré lọ́wọ́ rẹ̀. Àbíkẹ́ fara dà á fún ọ̀kan, ó fara dà á fún ìkejì. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ mú ìkẹta, ó na ọwọ́ sí i, ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ síbi tó yẹ kó wà lára ọ̀bẹ, ó sì di ọwọ́ náà mú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ bó o fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́," ó ní. "Kò pọ̀."